Gbèsè ni, kì í ṣe sàráà

Sí Olóòtú ìwé ìròyìn wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ìwé ìròyìn yín tó jáde kẹ́yìn, ẹnì kan kọ̀wé láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ní ilẹ̀ Benin, nípa iná kpayo (ẹ̀sáǹsì, ìyẹn epo mọ́tò, tí wọ́n ń ṣe fàyàwọ́ rẹ̀ láti Nàìjíríà) tó jó ní àdúgbò wa. Ó yin àwọn ará àdúgbò pé wọ́n dáwó fún ìyá ọmọ tí iná mú, ó ní sàráà tí Ọlọ́run kò ní gbàgbé ni. Ó wá ní kí ìjọba ju ọmọkùnrin tó ń ta kpayo náà sẹ́wọ̀n, nítorí òun nìkan ló jẹ̀bi, ìyókù jẹ́ àmúwá Ọlọ́run. Mo mọ ilé náà. Mo mọ ọmọ náà, èmi ni mo ń bá ìyá rẹ̀ wẹ egbò rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní ọsibítù. Mo sì mọ púpọ̀ nínú àwọn tó dáwó. Owó yẹn kì í ṣe sàráà, Olóòtú. Gbèsè ni wọ́n san, wọn ò sì tíì san án dé ìdajì.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Yàrá tí wọ́n ti ń wẹ egbò ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn lè má tíì fojú ara rẹ̀ rí. Ọmọ ọdún méje ni ọmọbìnrin náà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ àti itan rẹ̀ méjèèjì ni iná mú. Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ báńdéèjì, omi oníyọ̀ tí a ti sè tó sì ti tutù ni a fi ń rin ín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tú fúnra rẹ̀. Bí èèyàn bá kánjú fà á, awọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù á bá a lọ. Ìka kọ̀ọ̀kan la ń wé lọ́tọ̀, nítorí bí a bá wé wọn pọ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn nígbà tí wọ́n bá ń jinná. Ọmọ yìí kì í dúró kí n fọwọ́ kan òun kó tó sunkún. Bó bá ti gbọ́ tí àlùmọ́gàjí kan àwo irin, ó ti tó. Ìyá rẹ̀ á gbé e lé ẹsẹ̀, á máa kọrin sí i létí, á sì máa wo ògiri.

Ilé náà kò jìnnà sí ọjà Wàǹdó. Yàrá mẹ́fà ló wà níbẹ̀ tí wọ́n kọjú síra wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló la àárín wọn já dé ẹ̀yìnkùlé níbi tí àwọn obìnrin ti ń dáná. Yàrá ẹnu ọ̀nà ni onílé fi fún ọmọkùnrin oníkpayo. Àwọn ayálégbé tó kù ń san 10,000 fàránkì lóṣù. Òun ń san 18,000. Yàrá kan náà ni, fèrèsé kan náà, páànù kan náà lórí. 8,000 tó lé yẹn, kí ni onílé ń gbà á fún? Ó mọ ohun tó wà nínú yàrá náà, ó sì ti bu iye lé e.

Bídọ̀n oní-lítà 25 ni wọ́n tò lé ara wọn níbẹ̀ dé fèrèsé. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ọmọkùnrin náà á gbé ọ̀kan sẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, á fi àrọ àti àkísà ìsẹ́ rọ ọ́ sínú àwọn ìgò tí yóò tò sórí tábìlì lójú pópó lọ́jọ́ kejì. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ìgò kan ṣubú, ó sì fọ́. Àwọn èèyàn ń sọ kiri pé sìgá ló ń mu. Kì í mu sìgá. Kò sí iná kankan lẹ́bàá rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni iná wà, nínú ààrò èédú tí ìyá ọmọ náà fi ń se ẹ̀wà. Ohun tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ nípa ẹ̀sáǹsì ni pé kì í ṣe omi rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jó, èémí tó ń jáde lára rẹ̀ ni. Ojú kò rí i. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kì í gòkè, ilẹ̀ ló ń gbà, á sì máa wọ́ lọ títí yóò fi bá iná pàdé. Kò dúró de oòrùn kó tó jáde, nínú ọyẹ́ pàápàá ó ń jáde. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló gbà dé ibi ààrò, iná sì gba ojú ọ̀nà kan náà padà. Ọmọ náà ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.

Ẹnì kan da omi sí i. Ẹ̀sáǹsì a máa léfòó sórí omi, nítorí náà omi ló gbé iná lọ bá yàrá kejì. Òkìtì iyanrìn wà níwájú ilé, tí onílé kó jọ láti fi mọ ògiri. Kò sẹ́ni tó bu ẹ̀kúnwọ́ kan níbẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó pe 118, nọ́ńbà àwọn panápaná, àfi oní-zémidjan kan, ọlọ́kadà, tó ń kọjá lọ. Ọmọkùnrin oníkpayo ló wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà lọ gbé ọmọ jáde, apá rẹ̀ méjèèjì sì jóná dé ìgúnpá. Lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde kò sọ èyí.

Nígbà tí ọmọ náà jáde tán, wọ́n fọ́ ẹyin sí i lọ́wọ́, wọ́n tún fi ọṣẹ ìfọyín kùn ún lẹ́sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà: omi tútù tó mọ́, tó ń ṣàn, fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó wá aṣọ mímọ́ bò ó. Kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe epo, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín.

Ó wá kan àwọn tó mọ̀.

Onílé mọ̀. Èmi fúnra mi bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú níbi ìsọmọlórúkọ kan, kí iná yìí tó ṣẹlẹ̀, pé yàrá tí àwọn ọmọdé ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò yẹ fún kpayo. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ ó máa bá mi san owó yàrá náà ni?” Mi ò sọ èyí láti fi yọ ara mi sílẹ̀. Mo ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà jáde lọ́la pé kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un.

Olórí àdúgbò mọ̀. Bó bá ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú sìgá lọ́wọ́, ó máa ń pa á kó tó dé iwájú ilé náà. Bó bá kọjá tán, á tún ṣáná sí òmíràn. Gbogbo wa la máa ń rí i.

Àwọn tó máa ń wọ inú yàrá náà lóru lọ ra àwìn mọ̀. Ẹni tó ra ìgò kan lójú pópó kò mọ ibi tí wọ́n ti rọ ọ́, mi ò bá irú wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà láàárín bídọ̀n, tó ń di imú, tó sì ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé “dúró síta, má wọlé”, ó mọ̀.

Ẹni tó ń dùn mí jù ni ayálégbé kan nínú ilé náà tó jẹ́ olùkọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn kó àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Kétu, ó ní ilé ìwé ibẹ̀ dára jù. Òun fúnra rẹ̀ dúró. Ìgbà tí iná jó tán ló tó jẹ́wọ́ fún mi, ojú rẹ̀ pọ́n, pé òórùn yẹn ló mú kí òun kó wọn lọ. Ìmọ̀ tó tó láti fi gba ọmọ tirẹ̀ là, ṣé kò tó láti fi gba ọmọ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ là ni? Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ìyẹn ì bá ná an.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Wọ́n pa òwe náà lójú mi ní ìpàdé tí wọ́n ṣe lẹ́yìn iná, gbogbo èèyàn sì ń mirí. Ṣùgbọ́n oorun tiwa ni òwe yẹn ń rò. Ọmọ yìí kò jẹ kòkòrò kankan. Ẹ̀wà ló fẹ́ jẹ.

Mo mọ ohun tí wọ́n á sọ: nínú gbogbo àwọn tí mo kà yìí, ta ló ṣáná sí i? Kò sí. Mo gbà pé ẹni tó ti ọmọ sínú kànga kò rí bákan náà pẹ̀lú ẹni tó rí i pé kànga ṣí sílẹ̀ lójú ọ̀nà ọmọdé tó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀bi wọn kò dọ́gba, kò sì yẹ kó dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé ẹnì kejì kò ṣe nǹkan kan. Ó rí i, ó ṣírò ohun tí yóò ná òun, ó sì pinnu.

Òfin tí a jogún lọ́wọ́ Faransé ní orúkọ fún ohun tó jọ ọ́, «non-assistance à personne en danger» ni wọ́n ń pè é ní kóòtù, ìyẹn kíkọ̀ láti ran ẹni tó wà nínú ewu lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 5. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ewu ti dé bá, tí a sì lè ràn lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, ni òfin yẹn ń wò. Ta ni yóò bi ẹni tó fi oṣù dé oṣù wo bídọ̀n bí wọ́n ṣe ń ga dé fèrèsé? Bí kì í bá ṣe àwa ará àdúgbò, kò sẹ́ni tí yóò bi í.

Ẹni tó kọ lẹ́tà ní kádàrá ni. Mùsùlùmí ni èmi náà, mo gba kádàrá gbọ́. Ànábì kan náà tó kọ́ wa ní kádàrá ló sọ fún ọkùnrin tó fẹ́ fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ pé kó kọ́kọ́ so ó mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà kó gbára lé Ọlọ́run. Òun náà ló ní kí ẹni tó bá rí ìbàjẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ tún un ṣe. Bí kò bá lágbára, kó fi ẹnu. Bí ìyẹn náà bá ju agbára rẹ̀ lọ, kó kọ̀ ọ́ lọ́kàn, ó sì ní èyí ló rẹlẹ̀ jù nínú ìgbàgbọ́. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí wọn ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé yẹn. Onílé ní ọwọ́: kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀, bó bá ní kí kpayo jáde, á jáde kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Olórí àdúgbò ní ọwọ́ àti ẹnu. Olùkọ́ ní ẹnu. Ìyá ọmọ náà ńkọ́, torí mo ti gbọ́ tí wọ́n ń bi í pé kí ló dé tí òun kò kó kúrò? Ó ti san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀, kò ní ibòmíràn tó lè lọ, bó bá sì pariwo, onílé lè ju ẹrù rẹ̀ síta. Ọkàn nìkan ló kù fún un. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹ̀bi onílé lé e lórí.

Aládùúgbò mi tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì fi òfin kan hàn mí nínú Ẹ́kísódù tí mi ò gbàgbé. Bí màlúù bá kan èèyàn pa, olówó rẹ̀ bọ́ nínú ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí màlúù náà bá ti máa ń kàn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀, tí kò sì so ó, ẹ̀bi ikú di tirẹ̀, bí wọ́n bá sì gba owó ìràpadà lọ́wọ́ rẹ̀, iye tí wọ́n bá bù lé e ni yóò san. Iye tí wọ́n bá bù lé e, kì í ṣe iye tí ọkàn rẹ̀ bá sọ pé kó fi ta ọrẹ.

A kò sì lè sọ pé a kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Kpayo gbówó lórí, àwọn kan níbí ti ń sọ pé òwò náà kú. Kò pé oṣù mẹ́rin, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, ibi tí wọ́n ń kó kpayo pamọ́ sí gbiná ní Sèmè-Kraké, lójú ọ̀nà tí a ń gbà lọ sí Èkó. Òkú 34 ni ìjọba kọ́kọ́ kéde, ọmọ ọwọ́ wà nínú wọn. Gbogbo wa wo èéfín dúdú yẹn lórí fóònù, a ń ké “háà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́”. Ní àdúgbò wa, kò sí bídọ̀n kan tó kúrò níbi tó wà.

Mi ò ní kí wọ́n má ta kpayo mọ́. Mo mọ iye ilé tó ń jẹun lára rẹ̀ láti Àjàṣẹ́ dé Kétu títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọkùnrin yìí sì ka ìwé dé yunifásítì kó tó di pé ó ń fi àrọ rọ ẹ̀sáǹsì. Òun náà jẹ̀bi, ìpín tirẹ̀ ló pọ̀ jù, kò sì jiyàn rẹ̀ lójú mi. Ibi tí wọ́n ń kó o pamọ́ sí ni mò ń bá jà. Kó kúrò nínú ilé tí èèyàn ń sùn. 8,000 fàránkì lóṣù ni yóò ná onílé, ìpàdé kan ni yóò ná olórí àdúgbò.

Obìnrin kan nínú ilé náà sọ fún mi pé, “Màmá, bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní àjẹ́ ni mí, pé mo fẹ́ ba òwò ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.” Mi ò fojú kéré ohun tó sọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pe èèyàn ní àjẹ́ nítorí ohun tó kéré sí i. Èyí gan-an ló jẹ́ kí n máa sọ pé kí àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bí olórí àdúgbò, lèmọ́mù, olùkọ́ àti onílé méjì tàbí mẹ́ta láti ojú ọ̀nà kan náà bá jọ lọ, ta ni wọ́n máa pè ní àjẹ́ nínú wọn? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó sì ṣe jẹ́ pé àwọn àgbà wa ló kọ́kọ́ ń wo ojú ilẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ owó. 65,000 fàránkì ni wọ́n kó jọ. Dókítà sọ pé bí egbò ọwọ́ náà ṣe ń jinná, awọ rẹ̀ ń sún ìka mẹ́ta wọnú àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí i, kí wọ́n mú awọ láti ibòmíràn lára rẹ̀ fi lẹ̀ ẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nítorí ọwọ́ ọmọ ń dàgbà, àpá iná kì í bá a dàgbà. 65,000 kò lè san ìyẹn. Ìyá rẹ̀ ń lọ láti ilé dé ilé báyìí, ó ń dúpẹ́. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó kúnlẹ̀ fún onílé nítorí 10,000 tó mú wá. Onílé ní, “Dìde, kò tọ́pẹ́.” Inú bí mi débi pé mo jáde.

Ohun tó fà á tí mo fi ń tẹnu mọ́ gbèsè nìyí. Ẹni tó ṣe sàráà, òun ló ń yan iye, òun ló ń yan ìgbà, bó bá sì rẹ̀ ẹ́, ó lè dákẹ́. A tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Bí àwọn èèyàn wọ̀nyí bá ń pe owó wọn ní sàráà, ọmọ náà á máa gbára lé àánú wọn títí àánú náà yóò fi tán, á sì tán. Wọ́n ti ń sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n pé “ìyá ọmọ yìí náà ti ń béèrè jù”.

Nítorí náà mò ń sọ ọ́ ní gbangba nínú ìwé ìròyìn yín. Kí onílé kó gbogbo 8,000 tó gbà lé owó yàrá yẹn, láti oṣù tí oníkpayo ti wọlé títí di oṣù tí iná jó, kó gbé e fún ọsibítù, kó sì san èyí tó kù nínú owó iṣẹ́ ọwọ́ náà pẹ̀lú. Kí olórí àdúgbò pe ìpàdé, kí wọ́n ka àwọn ilé mìíràn tí wọ́n ń kó kpayo sí níbi tí èèyàn ń sùn, nítorí mo lè tọ́ka sí wọn láti ẹnu ọ̀nà mi. Kí olùkọ́ máa kọ́ ọmọ náà ní ìwé ní ìrọ̀lẹ́, torí kò tíì lè padà sí kíláàsì, ọwọ́ òsì ló sì ń fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ A. Kí àwọn tó ń ra àwìn lóru wá béèrè lọ́wọ́ ara wọn ohun tó kù fún wọn láti san.

Bí ẹni tó kọ lẹ́tà ọjọ́sí bá fẹ́ dá mi lóhùn, mi ò bínú sí i. Mo ti kọ ibi tí mò ń gbé sẹ́yìn ìwé yìí fún ẹ̀yin olóòtú nìkan. Ẹ bá mi fún un. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì la máa ń pààrọ̀ báńdéèjì, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Kó wá.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Àjàṣẹ́.